Títì Tó Gba Pálọ̀ Wa Kọjá

Mo ṣì rántí pé ọwọ́ ni bàtà máa ń wà, kì í ṣe ẹsẹ̀, bí a bá ti yà kúrò lọ́nà Ìbàdàn ní Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀ tí a kọjú sí abúlé wa. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Àwọn bàbá wa ló fi àdá àti ọkọ́ fẹ̀ ẹ́ kí ọkọ̀ tó ń kó obì lè kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó gba ẹ̀gbẹ́ àpáta, ó wọ oko obì, ó sọ̀ kalẹ̀ sódò, ó wá gun òkè dé ọ̀dọ̀ wa. Bí òjò bá dé, odò á kún, kò sì sẹ́ni tó lè jáde mọ́.

Etí odò yẹn ni ìyá bàbá mi kú sí. Ara rẹ̀ ò yá, bàbá mi gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà, omi ò jẹ́ kí wọ́n rékọjá. Kí omi tó fà, màmá ti dákẹ́. A sin ín sínú pálọ̀, bí a ṣe ń sin àgbà nílẹ̀ wa. Láti ìgbà náà ni bàbá mi, tó jẹ́ olùkọ́, ti sọ ọ̀fíìsì ìjọba ní Ìbarà, l'Ábẹ́òkúta, di ilé kejì. Ọ̀nà ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èmi náà fẹ́ ọ̀nà, ṣùgbọ́n tèmi ni pé kí àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì má pè mí ní ará oko mọ́. Mo rò pé ọ̀dà títì ní í sọ oko di ìlú.

Ìjọba gbọ́ níkẹyìn. Àwọn awọnlẹ̀ dé, wọ́n kan èèkàn, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé wa. Àárín pálọ̀ gan-an ni títì máa gbà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín pé ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn awọnlẹ̀ sọ fún bàbá mi pé, “Bàbá, tẹ́ ẹ bá bá wọn sọ̀rọ̀ n'Íbarà, wọ́n lè yí i gba ọwọ́ òsì.”

Ọwọ́ òsì ni ilé opó kan tó ń rẹ aṣọ láró wà, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀. Bàbá mi ò lọ s'Íbarà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin bú sẹ́kún.

“Bọ̀ọ̀dá, ṣé kí katakata gorí màámi ni?”

“Alààyè ló ń wá ilé gbé,” ni bàbá mi dáhùn. “Ẹ má sì hú u. Ẹ jẹ́ kó sinmi.”

Àbúrò náà bá a yan odì títí di ọdún kejì. Ọjọ́ tí ilé wó, èmi tí mo ń fẹ́ títì ni mo sunkún jù.

Láti ìgbà náà, bí bàbá mi bá wà nínú ọkọ̀, awakọ̀ gbọ́dọ̀ rọra níbi tí pálọ̀ wa wà tẹ́lẹ̀, òun náà á sì ṣí fìlà. Gbogbo awakọ̀ ọ̀nà wa ló mọ̀. Nígbà tó yá, ìyàwó mi ń rọbí nínú òjò, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, a sì ń gbé e lọ sí ọsibítù l'Ábẹ́òkúta. Bí a ṣe dé ibẹ̀, awakọ̀ tẹ bíréèkì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Bàbá mi gbá ẹ̀yìn àga rẹ̀.

“Kí lò ń dúró ṣe? Sáré! Torí irú èyí náà ni mo ṣe gbà!”

A gba orí afárá tí wọ́n ṣe sórí odò yẹn kọjá, omi ń hó lábẹ́ wa. Ìyá yè, ọmọ yè.

Bàbá mi ti di ẹni àná. Títì náà ti ń jẹrà. Ìjọba kan ṣe é, òmíràn ò rántí rẹ̀. Bí mo bá ń gbé ọmọbìnrin tí a bí lọ́jọ́ náà lọ sílé ìwé, mo máa ń rọra níbẹ̀, n kò sì tíì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wo aago, ó ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sáré díẹ̀, mo ti pẹ́.”

Mo sáré.