Àálè tí ó Kọjú sí Òkun

Ọwọ́ ọ̀tún ni ìyá mi fi ń jẹun, n kò sì sọ ti òkèlè nìkan. Àdín àgbọn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ yẹn ni ó fi ń la àgbọn, òun ni ó fi ń rin ín, òun náà ni ó fi ń fún omi rẹ̀ sínú ìkòkò kí iná tó sọ ọ́ di àdín. Láti Ajara títí dé Mowo, kò sí ẹni tí kò mọ àdín tirẹ̀, nítorí kì í kan bọ̀rọ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo ti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wálé fún ìsinmi, tí mo bá ọwọ́ náà lórí itan rẹ̀, tí ìka rẹ̀ ká kò bí ewé tí iná jó, mo mọ̀ pé ààrò wa ń kú lọ.

Ìjọba òyìnbó ṣì wà lórí àlééfà nígbà náà. Oníṣègùn tí wọ́n fi sí ilé ìwòsàn ìlú ti tẹ egungun rẹ̀ wò, ó ní kò sí èyí tó ṣẹ́, ó sì fún un ní ìpara. Ìpara tán, ọwọ́ kò là.

"Kí ló ṣe ọwọ́ yín, ìyá mi?"

"Ọwọ́ ló ṣe ara rẹ̀."

Mo jókòó ti agbada, mo ń bá a rin àgbọn. Ó wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín. "Rọra o, tíṣà. Àgbọn lò ń rin, kì í ṣe pátákó lò ń nù." Ẹ̀rín yẹn ni ó ṣí i lẹ́nu.

Ó ní òun ń ti etí ọ̀sà bọ̀ ni òun rí àgbọn kan tó já sójú ọ̀nà, lábẹ́ igi bàbá àgbà kan ní Ajara. Bí a ti ń ṣe é lọ́dọ̀ wa ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ bá àgbọn lójú ọ̀nà ló ni ín, àfi bí àálè bá wà lára igi. Ó wo ara igi, ó mọ́. Ó mú àgbọn. Nígbà tí ó kọjá tán tí ó bojú wẹ̀yìn, ó rí i: àálè wà ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí òkun, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà tó ti gbó àti ìkarahun ìgbín òfìfo, tí a fi màrìwò so pọ̀. Kò sí ẹni tí a bí ní etí ọ̀sà yìí tí kò mọ ohun tí ó ń wí: kí ẹni tó bá mú nǹkan níbí gbó bí bàtà, kí ó ṣófo bí ìkarahun.

"Ẹ ò wá dá a padà?"

"Àwọn obìnrin ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Bí wọ́n bá bá mi níbi tí mo ti ń dá a padà ńkọ́? Wọn ò ní sọ pé mo dá a padà. Wọn á ní mo mú un." Ó gbé e délé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọwọ́ kò là mọ́.

Mo ti ń ka ìwé nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá ní àkàtúnkà nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò jẹ́ kí ó ba Yorùbá mi jẹ́. Olùkọ́ wa ti kọ́ wa pé ẹ̀rù lè di ẹ̀yà ara ènìyàn. Mo wá sọ fún un pé, "Ẹ̀rù ni, ìyá mi. Kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ yín."

"Irọ́ ni mò ń pa, nígbà náà?"

Òótọ́ ni ìwé sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ náà ti di ẹ̀sùn ní ẹnu mi. Mo tún ìtàn rẹ̀ rò bí mo ti ń rin àgbọn lọ. Bàtà àti ìkarahun kò gbà ju díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀; àwọn obìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n gba ìyókù. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àwọn àgbà ti wí i. Ojú ènìyàn ni ó di ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká lọ bá bàbá tó ni igi."

"Kí n lọ wí kí ni? Pé mo jalè?"

"Kí ẹ wí i bó ṣe rí. Mò ń bá yín lọ."

Bàbá náà, Ègùn pọ́ńbélé tí gbogbo wa ń pè ní Dàágbó, gẹ́gẹ́ bí àwọn Ègùn ti ń pe àgbàlagbà, ń tún àwọ̀n ṣe níwájú ilé rẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó rò ó, kò fi ọ̀kan pamọ́.

"Àgbọn náà ńkọ́?"

"Ó wà nílé, Dàágbó. N kò là á."

"O jí i, o kò jẹ ẹ́?" Ó gbé àwọ̀n sílẹ̀. "Olè tí kò mọ iṣẹ́ olè. Àwọn tó ń gba etí òkun wá ló ń ká àgbọn mi, àwọn ni mo kọ ojú àálè náà sí. N kò so ó fún ẹni tó ń ti ọ̀sà bọ̀. Ó yá, lọ tú u."

"Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ. Èjìká mi kò jẹ́ kí n nawọ́ sókè mọ́. Ẹni tó ni ín ló rán ọ."

A tẹ̀ lé e dé ìdí igi. Ìyá mi na ọwọ́ òsì. "Ọ̀tún," ni bàbá wí. Ó pẹ́ kí ó tó gbé e. Àwọn ìka náà là díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ ọwọ́ tó ń jí lójú oorun, wọ́n sì di okùn màrìwò mú. Ìkarahun já sórí iyanrìn.

Lẹ́yìn ìgbà náà, ìjọba ri pátákó mọ́lẹ̀ ní etí òkun, wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí i gàdàgbà. Orí rẹ̀ ni àwọn apẹja ń sá àwọ̀n sí, nítorí kò sí ẹni tó mọ ojú ẹni tó kọ ọ́. Ohun tí ó ní agbára lórí wa ni ojú tí a mọ̀. Àwọn ọmọ ayé òde òní ní àwọn kò bẹ̀rù àálè mọ́. Síbẹ̀, mo ń rí wọn, olúkúlùkù gbé ohun tí ì bá ti sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́, nítorí ẹnìkan ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìyá mi padà sídìí agbada kí ìsinmi mi tó parí. Ṣùgbọ́n títí ó fi darúgbó, bí a bá ti ń kọjá lábẹ́ igi yẹn, tí kò sí àálè lára rẹ̀ mọ́, ó máa ń ki ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ abẹ́ ìborùn. Mo mọ orúkọ tí ìwé pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. N kò sọ ọ́ fún un rí. Mo kàn máa ń bọ́ sí apá ọ̀tún rẹ̀ ni, kí n wà láàárín òun àti igi.