Adéṣínà Há Ọba Mọ́ Kọ̀rọ̀

Lọ́dún tí àwọn sójà gbàjọba, tí wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró kiri, orúkọ Adéṣínà wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé ní káńsù Odigbo. Akọ̀wé ni, ẹni tó ń fi sítáàṣì gan ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì débi pé kò lè bojú wẹ̀yìn. Kò sì jáwọ́. Ojoojúmọ́ ló ń wẹ̀, tó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì, tó ń kọrí sí gáréèjì Ore bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Iṣẹ́ wo? Dráfù ni.

Gàzálì, awakọ̀ tó ń ná Bìní, ló máa ń há a mọ́.

"Akọ̀wé, ọmọ rẹ ò rí ibi kankan gbà mọ́. Ẹni tí ò rí ọmọ tì ti kú. Dìde, òkú kì í jókòó."

Inú ìjọ Aládùúrà ni Monílọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ti gbọ́ pé ọ̀gá ilé-iṣẹ́ apákó kan lẹ́yìn ìlú ń wá akọ̀wé tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì ta, tó lè ṣojú ilé-iṣẹ́ náà níbi ìdíje. Adéṣínà yá ìwé àti ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ àgùnbánirọ̀ kan. Ó ka bí èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ó kà á bí ẹni ń ka Sáàmù: bí ọmọ ogun ṣe ń jáde, bí ẹṣin ṣe ń fò, bí ọba ṣe ń sá pamọ́.

"Bàbá Ìdára, ṣé ẹṣin pákó yìí ló máa bá wa ru gààrí wálé?"

"Máa rẹ́rìn-ín. Tí mo bá gbowó oṣù, o ò ní jẹ nínú ẹ̀."

"Apá ẹ̀yìn ìwé yìí ńkọ́? Ẹ ò ṣí i rí."

"Bí wọ́n ṣe ń parí ẹ̀ ni. Tó bá ku ọmọ díẹ̀ lórí ọpọ́n, dráfù náà ni. Ta ló fẹ́ kọ́ mi ní dráfù?"

Nígbà tí ìdíje tí ọ̀gá fẹ́ fi yan akọ̀wé dé, òun àti Láoyè, tíṣà kan láti Agbabu, ló kù. Láoyè fi máàkì díẹ̀ jù ú lọ. Ọ̀gá sì ti ṣàlàyé: bí Adéṣínà bá jẹ, òun ló ni iṣẹ́, bó bá jẹ́ ọ̀mì, Láoyè ló ni ín.

Adéṣínà bẹ̀rẹ̀ bí ìwé ṣe wí. Ó kó ọmọ ogun Láoyè, ó kó ẹṣin rẹ̀, ó ku ọba nìkan ṣoṣo. Ọba náà sá wọ kọ̀rọ̀. Adéṣínà gbé ayaba rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó dí gbogbo ojú ọ̀nà, ó sì ká ọwọ́ kúrò.

"Tíṣà, ẹ ti kú."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ wo ọpọ́n.

"Ṣé ayaba yín ń lé ọba yìí níbi tó wà?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n kò ríbi lọ mọ́."

"Ọba tí ẹnikẹ́ni ò lé, tí kò sì ríbi lọ, ọ̀mì ni nínú ṣẹ́ẹ̀sì. Ó wà nínú ìwé."

Adéṣínà tún wo ọpọ́n, bí ẹni pé ọba náà lè ṣàánú rẹ̀, kó rìn.

"Ẹ má bínú, bọ̀ọ̀dá," ni Láoyè wí. "Èmi gan-an ti ń wá bàtà mi lábẹ́ tábìlì láti máa lọ."

Nílé, Monílọ́lá ti gbé ẹ̀bà kalẹ̀. Ọbẹ̀ ò níyọ̀. Iyọ̀ ti di ohun tí wọ́n ń tò fún.

"Ta ló jẹ?"

"Kò sẹ́ni tó jẹ."

"Iṣẹ́ yẹn ńkọ́?"

"Láoyè ni wọ́n gbé e fún."

Monílọ́lá jókòó tì í.

"Bàbá mi ní kẹ́ ẹ máa bọ̀ wá bá àwọn ro oko kòkó ní Omifúnfun."

"Ìgbà wo ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó ti pẹ́. Àtìgbà tí wọ́n ti dá yín dúró. Èmi ni mi ò jíṣẹ́."

Adéṣínà bu òkèlè, ó jẹ ẹ́, ó tún bu òmíràn. Lẹ́yìn náà ló bi í bóyá àdá wà nílé.