Kẹ̀kẹ́ Méjì, Agolo Ọ́ìlì Kan

Ó dákẹ́. Bíréèkì tó ti ń ké fíìn-fíìn láti àná, ó dákẹ́ pátápátá.

Mutmainah tún tẹ̀ ẹ́. Kẹ̀kẹ́ ń lọ. Ó fi gbogbo ìka rẹ̀ fún un. Kẹ̀kẹ́ ṣì ń lọ, ó ń sáré sọ̀ kalẹ̀ ní àdúgbò wọn ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí etí ọ̀sà. Bàtà ló fi dá a dúró, lára ògiri ilé ẹlẹ́ja.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ìka kan irin pẹlẹbẹ róbótó tó wà láàárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà, irin tí bíréèkì máa ń há. Ọ́ìlì. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi. Láti kékeré ló ti mọ òórùn rẹ̀.

"Bàbá mi!"

Bàbá rẹ̀, Ùsmán, tó ń tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ àwọn apẹja ṣe, yọ sí i pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"O ti rí i? Bí mo ṣe kírun Àsùbáà tán ni mo fún un. Tiwájú, tẹ̀yìn. Ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó máa dójú tì ẹ́ láàárín ẹgbẹ́."

Nílé wọn, gbogbo ohun tó bá ti ń ké ló ń gba ọ́ìlì. Ilẹ̀kùn. Fáànù. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀, kí ìyá tó kú. Ta ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún bàbá yìí pé bíréèkì nìkan ni kì í mu ún?

Ìdíje kẹ̀kẹ́ tó torí rẹ̀ wá sílé láti Ìkòròdú lánàá sì kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀. Láti Ẹ̀pẹ́ dé Odògúnyàn ní Ìkòròdú, kí wọ́n sì padà wá parí sí etí ọ̀sà. Obìnrin méjì péré ni wọ́n máa mú láti ṣojú ìpínlẹ̀. Ọjọ́ tó gba kẹ̀kẹ́ tuntun ni Kóòṣì Láńre ti sọ ọ́ láìfi bò: "Muti, o ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Èyí nìkan ló ṣẹ́kù fún ẹ."

Èyí nìkan. Lẹ́yìn gbogbo àárọ̀ tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ kó tó wọ iṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ oníke ní Ìkòròdú.

Ó ti fi kẹ̀kẹ́ méjì wé ara wọn dáadáa. Tuntun yìí, ti ẹgbẹ́ ni. Férémù kábọ̀n, ọwọ́ kan lo fi máa gbé e. Táyà tó gbòòrò, tí kòtò ojú títì kì í fi bẹ́ẹ̀ dé èjìká ẹni. Wáyà rẹ̀ wà nínú, ojú ò tó o. Bátìrì ló ń yí gíà. Bíréèkì onírin róbótó, tí kò ka òjò sí. Àfi pé bí ohun kan bá bàjẹ́ nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣí i láàárín Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú.

Ti àtijọ́, tòkunbọ̀ onírin. Ó wúwo. Táyà tín-ín-rín. Wáyà níta gbangba, ẹnikẹ́ni tó bá ní sípánà lè tún un ṣe. Ọwọ́ lo máa fi yí gíà fúnra rẹ. Rọ́bà méjì tó ń há rímù ni bíréèkì rẹ̀. Ó ń mú dáadáa. Bí ilẹ̀ bá gbẹ.

Tuntun ló yàn.

Ó fi ọṣẹ fọ bíréèkì náà. Ó fi sípíríìtì nù ún. Ó fi sáńpépà ha á títí ìka rẹ̀ fi bó. Ó gùn ún wò. Kò mú. Ọ́ìlì ti wọ̀ ọ́ lára.

"Ti àtijọ́ ni mo fẹ́ gùn, Bàbá mi."

"Mo wí bẹ́ẹ̀! Èyí tí wọ́n ń fi iná sí bíi fóònù, ṣé kẹ̀kẹ́ nìyẹn?"

Ó lọ gbé e wá láti ẹ̀yìn àwọ̀n. Ìpata kankan ò sí lára rẹ̀. Jímọ̀ dé Jímọ̀ ló ń fún ṣéènì rẹ̀ ní ọ́ìlì, ló ń fẹ́ táyà rẹ̀, láti ìgbà tí ọmọ ti kó lọ sí Ìkòròdú. Mutmainah kọjú sí ògiri, bí ẹni tó ń so okùn bàtà.

Níbi tí wọ́n ti fẹ́ gbéra, Kóòṣì Láńre wo irin àtijọ́ náà.

"Tuntun ńkọ́?"

"Bíréèkì rẹ̀ ò mú."

"Ṣebí ó mú lánàá? Kí lo fi sí i?"

Ó ń fọwọ́ tẹ táyà wò. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni bàbá rẹ̀ dúró sí.

Ìtẹ́olúwa, ọmọ ogún ọdún inú ẹgbẹ́ wọn tó wà lórí irú kẹ̀kẹ́ tuntun yẹn, bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ṣé mùsíọ́ọ̀mù lẹ ti jí eléyìí gbé?"

"Tá a bá padà dé, wá bi mí."

Wọ́n ṣí. Ní Ìtóìkín, kòtò lé kòtò, ọwọ́ rẹ̀ ti kú. Àwọn tó wà níwájú ń fò ó bí ẹni tó wà lórí tìmùtìmù. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn wọn. Kó má já. Kó ṣáà má já. Wọ́n yí padà ní Odògúnyàn, òjò sì dé. Ibi tí omi ti bo títì ni gíà oníbátìrì ọmọbìnrin kan ti kú, ó ń wa ẹsẹ̀ asán. Mutmainah kọjá lára rẹ̀. Ó di ẹnì kẹta. Ẹnì kìn-ín-ní ti lọ jìnnà. Ìtẹ́olúwa ló kù.

Ní Ẹ̀pẹ́, lórí òkè, ó bá a. Wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀, ìgúnpá sí ìgúnpá. Nísàlẹ̀ ni kọ́nà tó kẹ́yìn wà, ọ̀sà lẹ́yìn rẹ̀. Rímù rẹ̀ tutù. Ó mọ̀ pé rọ́bà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nu omi kúrò kó tó lè mú. Nítorí náà, ó ní láti tètè tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Ìtẹ́olúwa ò tíì tẹ tiẹ̀. Ó ń lọ, ó ń lọ, ìgbà tó dé ẹnu kọ́nà ló fọwọ́ kàn án, ó sì yà.

Táyà kan péré ni Ìtẹ́olúwa fi ṣáájú rẹ̀ níbi tí wọ́n parí sí.

Bàbá gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Muti. Ṣé ọ́ìlì yẹn ni?"

Òjò ń ṣàn lójú Mutmainah. Ó dúpẹ́ pé òjò ń rọ̀.

"Rárá, Bàbá mi. Ẹsẹ̀ ló rẹ̀ mí."

Bàbá rẹ̀ mi orí. Wọ́n jọ ń ti kẹ̀kẹ́ gòkè lọ sílé. Rọ́bà tó tutù ń ha rímù, ó ń ké. Bàbá tẹ́tí sí i. Ọwọ́ rẹ̀ wọ àpò, níbi tí agolo ọ́ìlì kékeré máa ń wà, ó sì dúró síbẹ̀.

"Ó ń ké," ló wí, bí ẹni tó ń tọrọ ààyè.

"Ṣéènì ni kẹ́ ẹ fún, Bàbá mi. Ṣéènì nìkan."