Ẹsẹ̀ Lásán Nínú Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà

Ọ̀gá ilé-ìwé wa ní Okokomaiko kò bi mí kó tó gbé ṣọ́ọ̀bù mi fún ìjọ aláṣọ funfun. Ayé ìjọba ológun ni, iṣẹ́ igi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Omi òjò ti lé ìjọ náà jáde nílé ìjọsìn wọn, wọ́n wá bẹ̀bẹ̀ fún ibi tí wọn yóò máa lò ní Sọ́ńdè. Nígbà tí mo fapá jánú, ọ̀gá ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Mo ní ìṣó ló wà níwájú nínú ṣọ́ọ̀bù tèmi, kì í ṣe omi.

Àsìkò náà kò sì dára. Alábẹ̀wò ilé-ìwé ń bọ̀ kí táàmù tó parí. Páànù wa ń jò, ilẹ̀ ti fọ́, bẹ́ńṣì ń mì bí eyín arúgbó. Bí kò bá fọwọ́ sí ṣọ́ọ̀bù náà, wọn yóò sọ ọ́ di kíláàsì, àwọn ọmọ mi kò ní lè ṣe ìdánwò àṣekágbá nínú iṣẹ́ igi, èmi yóò sì lọ máa kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Èmi tí ẹ̀fọ́ tí mo gbìn kò hù rí.

Ẹni tó bá mọ àwọn aláṣọ funfun mọ̀ pé wọn kì í wọ bàtà jọ́sìn. Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́, mo lọ ṣọ́ ayùn mi. Orin wọlé, ijó wọlé, ni ìyá kan bá fò sókè, ó figbe ta. Àwọn tó wà nítòsí rò pé ẹ̀mí ló bà lé e, wọ́n túbọ̀ ń lu agogo. Ìṣó ni. Nígbà tó yá, ẹ̀gún pákó wọ wòlíì náà lẹ́sẹ̀. Ó dá ìwàásù dúró, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì mi, bẹ́ńṣì wó. Inú mi dùn, n kò ní parọ́. Mo gbà pé wọn kò ní padà wá mọ́.

Ní Sátidé, wọ́n dé pẹ̀lú sìmẹ́ńtì. Mo ti gbàgbé irú èèyàn tí wọ́n jẹ́: bíríkìlà ni wòlíì lọ́jọ́ iṣẹ́, káfíńtà àti awakọ̀ ló pọ̀ nínú ìjọ rẹ̀. Wọ́n rẹ́ ilẹ̀ títí ó fi ń dán. Kí òjò má baà ba ilẹ̀ jẹ́, wọ́n pààrọ̀ páànù. Nígbà tí arábìnrin kan jó lọ tẹ ayùn, wọ́n kan pákó mọ́ ògiri, wọ́n gbé gbogbo irinṣẹ́ mi kọ́ síbẹ̀. Wọ́n tún bẹ́ńṣì kàn, nítorí wòlíì. Àwọn ìyá ìjọ á gbálẹ̀ tán, wọ́n á tún kúnlẹ̀, wọ́n á máa fi àtẹ́lẹwọ́ wá ìṣó.

Síbẹ̀, mò ń bá ọ̀gá jà pé kó lé wọn. Òórùn tùràrí ti wọ inú pákó mi. Àwọn ọmọ kíláàsì mi náà ti ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ilẹ̀ náà dán jù. Èmi nìkan ló ń wọ bàtà wọlé, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, kí wọ́n lè mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù ni.

Alábẹ̀wò dé, ará Èkìtì kan tó so táì mọ́rùn, tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó wo páànù, ó mi bẹ́ńṣì, ó ní ó dáa. Ó wá rí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ mi, lásán gbogbo wọn. Ó bi mí pé kí ni òfin àkọ́kọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Èmi ni mo fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri lẹ́yìn rẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé láìwọ bàtà. Ó ti ń ti bírò bọ àpò láìfọwọ́ sí i.

Ìbínú ló sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

“Sà, torí ìṣó ni wọ́n ṣe ṣe òfin yẹn. Ẹ bọ́ bàtà yín, kí ẹ rìn ín yíká. Tí ìṣó kan bá gún yín, ẹ ti ibẹ̀ pa.”

Ọ̀gá ilé-ìwé, tó bá a wọlé, káwọ́ lérí. Alábẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ó rìn láti igun dé igun, ó wọ abẹ́ bẹ́ńṣì pàápàá, bí ẹni tí owó rẹ̀ jábọ́. Nígbà tó ṣe tán, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní ilé òun kò mọ́ tó báyìí. Ó fọwọ́ sí i. Ó ní kí àwọn ọmọ máa wọ bàtà o, àmọ́ òun ń padà bọ̀ ní táàmù tó ń bọ̀, ẹsẹ̀ lásán ni òun yóò sì fi wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, wòlíì wá dúpẹ́. Wọ́n ti rí ilẹ̀ sí ọ̀nà Ijanikin, wọ́n ń kó lọ. Èmi tí mo ti ń lé wọn láti ọjọ́ yìí, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja pé kí wọ́n ṣàánú mi. Ta ni yóò máa bá mi ṣa ìṣó? Ó fà mí dìde.

“Tíṣà, ẹni tó bá máa fẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ ló máa gbá a dáadáa. Kò sí àdúrà kankan níbẹ̀.”

Ní Mọ́ńdè, àwọn ọmọ wọ bàtà wọlé bí òfin ti wí. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo bọ́ tèmi, mo sì mú ìgbálẹ̀.