Ìró Ẹsẹ̀ Mi Lórí Pákó Ẹ̀pẹ́

Ibà kan ló mú mi ní kékeré tí ẹsẹ̀ òsì mi fi gbẹ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tiro. Ní Ẹ̀pẹ́, èéfín ẹja tí ìyá mi ń yan ti ba ojú rẹ̀ jẹ́, òjìji lásán ló ń rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń bọ̀ lórí pákó etí omi, ẹsẹ̀ kan á dún gbì, èkejì á wọ́ tẹ̀lé e, ìyá mi á sì ti pariwo láti ìdí ààrò pé, "Ọmọ mi dé!"

Nígbà tí mo kúrò nílé ìwé, wọ́n mú mi lọ sí Ìkòròdú, sọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi. Tíṣà ni ọkọ rẹ̀. N kì í sábà bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí àwọn ọmọge àdúgbò bá ń lọ pọnmi, ẹ̀yìn wọn ni mo máa ń wà, kí wọ́n má baà rí ìrìn mi.

Ohun tí mo máa ń retí ni ìwé òyìnbó tí tíṣà ń túmọ̀ fún wa nírọ̀lẹ́. Ìtàn ìlú kan tí kò tíì sí ni. Bí ọmọ bá ti bàlágà níbẹ̀, wọn á tì í sínú ẹ̀rọ, gbogbo wọn á sì jáde ní ìdúró kan náà, pẹ̀lú awọ ara jọ̀lọ̀. Ẹni tó bá kọ̀, wọn á lé e sẹ́yìn odi.

"Ilà ojú wọn ńkọ́?" ni àbúrò ìyá mi bèèrè.

"Ẹ̀rọ ti pa á rẹ́."

"Háà! Tí gbogbo ọkùnrin bá wá jọra, èwo ni n ó gbé oúnjẹ fún nínú wọn?"

"Èyí tó bá ń pariwo ebi ni tìẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ń ro ọmọbìnrin arọ kan nínú ìtàn náà, tó sá pamọ́ fún ẹ̀rọ. Ká ní èmi ni, ǹ bá sáré wọ inú rẹ̀.

Kò pẹ́ tí tíṣà fi mú mi lọ sí ọsibítù kan l'Ékòó. Wọ́n fi awọ de irin mọ́ ẹsẹ̀ mi, wọ́n fún mi ní bàtà tó nípọn. Mo nàró. Àwọn ọmọge ní, "Ẹ yà o, rélùwéè ń bọ̀!" Síbẹ̀ inú mi dùn. Mo fẹ́ kí ìyá mi gbọ́ bí ẹsẹ̀ mi ṣe ń dún déédéé.

Nígbà Iléyá, mo lọ sílé. Ko, ko, ko, lórí pákó. Kò sẹ́ni tó pariwo. Ìyá mi gbójú sókè nídìí ààrò.

"Ẹ kú ọdún o. Ta lẹ ń wá?"

Mo sún mọ́ ọn, ko, ko.

"Ẹ má bínú, ojú mi ò ríran mọ́. Ọmọ mi ni mò ń retí, ó yẹ kó ti dé."

"Màámi, èmi ni."

Ó fọwọ́ kan ojú mi, ó fọwọ́ tọ́ ara mi wálẹ̀ títí ó fi kan irin náà.

"Ó mà tutù o. Ṣé kì í dùn ọ́?"

Mo ní rárá. Ó yí ẹja rẹ̀ padà.

Nígbà tí mo padà sí Ìkòròdú, tíṣà ti ka ìwé náà tán. N kò bèèrè ibi tí ọmọbìnrin yẹn já sí. Irin náà ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi níbí. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, mo máa ń jókòó sí etí omi, màá tú u, màá dì í sínú ẹrù. Màá wá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ pákó dáadáa kó lè dún.