Oko Kì Í Ṣe Òkò

Ẹ̀sùn mẹ́ta ni mo kọ ránṣẹ́ sí tíṣà tó ń kọ́ ọmọ mi obìnrin ní èdè Faransé. Inú ọkọ̀ ni mo ti kọ ọ́, níwájú ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kí shift mi tó bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá ló dá a sílẹ̀. Tíṣà ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú abúlé kan nílẹ̀ Faransé, kó kọ ìtàn rẹ̀, kó ya máàpù rẹ̀, kó wá kọ nípa ibi tí ìdílé tirẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ọmọ mi mú abúlé kan tó wà lórí òkè, tí odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Orí ọ̀nà márosẹ̀ I-75, lókè òkun níbí, ló ti ń ka ìtàn rẹ̀ fún mi títí a fi délé ní Stockbridge. Ọgbà àjàrà ni wọ́n fi ń jẹun nígbà kan, kòkòrò wá jẹ gbòǹgbò rẹ̀ tán, àwọn ọ̀dọ́ bá ṣí lọ sí ìlú ńlá. Ilé tó ṣẹ́kù kò tó ti subdivision tí à ń gbé, síbẹ̀ wọ́n ní méyọ̀ tiwọn tó ń ṣàkóso wọn, wọ́n sì kọ orúkọ abúlé náà gàdàgbà sójú ọ̀nà.

"Méyọ̀ kẹ̀? Àgùntàn ló ń jẹ méyọ̀ lé lórí ni?"

"Mọ́mì, ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ jọ̀ọ́."

Ní ti tiwa, mo ní kó kọ Ìbàdàn. Tíṣà dá a padà. Ó ní ìlú yẹn ti tóbi jù. Ó bi ọmọ mi pé, ṣé ẹ ò ní abúlé ni?

Ohun tó bí mi nínú nìyẹn. Ẹ̀sùn kìíní: ó fojú tẹ́ńbẹ́lú ìlú tí kò dé rí. Ìkejì: ó rò pé inú igbó ni gbogbo wa ti wá. Ìkẹta: ọ̀rọ̀ àgbà ni, ó lọ bi ọmọdé. Kódà kọ́mà kan kò ṣì nínú ìwé náà.

Mo sọ fún ọmọ mi pé a ò ní abúlé. Bẹ́ẹ̀ a ní. Inú oko kòkó, lẹ́yìn Ìbàdàn, ni wọ́n bí mi sí. Nílé ìwé girama, "ará oko" ni wọ́n ń pe irú wa. Láti ìgbà náà ni mo ti di ọmọ Ìbàdàn. Irọ́ kọ́, ṣebí Ìbàdàn ló ni abúlé wa. Jọ́gíráfì ni mo kà ní yunifásítì; mo lè ya odò ilẹ̀ onílẹ̀ láìwo ìwé. Odò tiwa, n kò yà á rí.

Tíṣà ní ká wá rí òun. Obìnrin Faransé ni. "Mà, ẹ má bínú," ó ní. "Irú abúlé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí èmi náà sí. Màlúù wa pọ̀ jù wá lọ." Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wò ó títí, mo ń wá ibi tí ojú ti ń tì í. N kò rí i.

Ni ọmọ mi bá tẹ́ máàpù kan sórí tábìlì: igi kòkó, ilé onípáánù, odò. "Mo ti parí ẹ̀. Mo call Grandma. Grandma ní òkò la ti wá."

"Òkò kẹ̀!" Ẹnu mi ti yá kí n tó mọ̀. "Òkò lèèyàn ń sọ lu ewúrẹ́. Oko! Oko la ti wá!"



"Oko," tíṣà pè é, ó pè é dáadáa.

Ọmọ mi kò wo tíṣà, èmi ló ń wò. "Ṣebí ẹ sọ pé a ò ní abúlé."

Mo rántí ẹ̀sùn kejì, mo rí ẹni tó jẹ̀bi rẹ̀: èmi gan-an ni mo ń ka abúlé sí inú igbó.

"Grandma ní kí n béèrè orúkọ odò yẹn lọ́wọ́ yín," ó ní. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń lọ pọnmi níbẹ̀."

Ó na pẹ́ńsù sí mi. Mo gbà á. Mo kọ lẹ́tà orúkọ náà tán, ó wá ku àmì ohùn. Mo fi àmì sókè, mo pa á rẹ́, mo fi sísàlẹ̀. Mo ń pè é lábẹ́ ahọ́n, mo ń wá bí ìyá mi ṣe máa ń pè é, ọmọ mi sì dúró tì mí, ó ń retí.