Ọkọ Di Ọkọ̀

Mo ṣe ohun kan lónìí tí ojú ń tì mí láti sọ.

Obìnrin kan mú ìwé ìkéde ìsìnkú bàbá rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Òkèrèwè. Tẹ́lẹ̀, èmi ni mo máa ń fi àmì ohùn sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọmọ nìyẹn.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má fọwọ́ kàn án o. AI orí fóònù mi ti fi àmì sí i. Ẹ kàn bá mi tẹ̀ ẹ́."

Mo kà á. Níbi tí wọ́n ti fẹ́ pe olóògbé ní "ọkọ rere", fóònù ti sọ ọ́ di "ọkọ̀ rere".

Inú bí mi. Mo ní lọ́kàn mi pé kó lọ bá fóònù rẹ̀. Mi ò sọ àṣìṣe náà fún un, mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, opó olóògbé náà fúnra wọn mú ìwé ọ̀hún dání wá. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì.

"Ṣé mọ́tò ni mo fẹ́ láti ọjọ́ yìí ni?"

Mo kúnlẹ̀. Mi ò lè sọ pé fóònù ni.

Fóònù ò mọ̀. Èmi mọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ló ba iṣẹ́ mi jẹ́ nínú àwa méjèèjì?